Ọjọ́ Tí Wọ́n Kó Ṣọ́jà Lọ sí Ojota

Aago mẹ́rin ààbọ̀ àárọ̀. Ní Mowe, ẹni tó bá fẹ́ dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìkẹjà lásìkò kì í sùn kọjá àkókò yìí. Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù kìíní ọdún 2012 ni, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń ké "Bágà! Bágà!" pe èrò ọkọ̀ ní ibùdókọ̀. Àwọn danfo tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ìrì bò wọ́n. Títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó máa ń hó yèè láti Ibafo dé ọ̀dọ̀ wa tọ̀sán-tòru, dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ obìnrin kan tó ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lódì kejì.

Ọ̀sẹ̀ kejì ìyanṣẹ́lódì nìyẹn. Ọjọ́ kìíní ọdún ni ìjọba Ààrẹ Goodluck Jonathan yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà bẹntiróòlù sì fò láti náírà 65 sí 141. Ẹni tó ti lọ ṣọdún nílùú ìyá rẹ̀ kò rí owó ọkọ̀ padà. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC àti TUC ti gbogbo nǹkan pa. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni Abdulwahed Omar, ààrẹ NLC, wá sọ pé ìyanṣẹ́lódì ń bá a lọ, ṣùgbọ́n kí kálukú jókòó sílé rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wọ́de.

Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ṣọ́jà ti gba Ojota ní Èkó.

Ẹni tí kò bá rí pápá Gani Fawehinmi tó wà ní Ojota lọ́sẹ̀ tó ṣáájú kò ní mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. Níbẹ̀ ni Pásítọ̀ Tunde Bakare àti ẹgbẹ́ Save Nigeria Group ti ń bá èrò sọ̀rọ̀, tí Femi Kuti àti àwọn olórin mìíràn ń kọrin. Àwọn ará ọ̀dọ̀ wa gun ọ̀kadà dé ibi tí owó wọn mọ, wọ́n fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ohun kan wà tí mo rí nígbà náà tí mi ò tètè rí ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú ACN ló ń ṣàkóso Èkó, òun ló ń ṣàkóso Ògùn níbí lábẹ́ Gómìnà Ibikunle Amosun, òun sì ni alátakò tó gbóná jù sí Ààrẹ. Síbẹ̀, kì í ṣe ìgbálẹ̀ tó jẹ́ àmì ẹgbẹ́ náà ló ṣíwájú ní Ojota. Àsíá Nàìjíríà ni.

Ẹ jẹ́ ká ka oṣù sẹ́yìn. Ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 2011 la dìbò Ààrẹ: oṣù mẹ́sàn-án géérégé ni. Nínú ìbò yẹn, nínú gbogbo ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá, Ọ̀ṣun nìkan ni Nuhu Ribadu tí ACN fà kalẹ̀ ti wọlé. Àwa ará Ògùn dìbò fún Jonathan, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé a tún dìbò fún Amosun. Báwo wá ni ẹgbẹ́ kan yóò ṣe gbé àsíá tirẹ̀ lọ bá àwọn ènìyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ẹni tó fà kalẹ̀? Wọ́n gbọ́n. Wọ́n fi àsíá sílé, wọ́n jẹ́ kí iye owó epo máa sọ̀rọ̀.

Aago méje. A kóra jọ síbi rédíò alábátìrì kan ní ẹ̀yìnkùlé, ènìyàn bíi mẹ́jọ, ìyá arúgbó kan lórí àpótí. Ààrẹ sọ̀rọ̀. Lítà epo yóò di náírà 97. Ẹnìkan pàtẹ́wọ́, ó sì dá a dúró nígbà tó rí i pé òun nìkan ni. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tó fi ìdí tí àwọn ṣọ́jà fi jáde hàn: Ààrẹ ní àwọn mìíràn tí ọ̀rọ̀ wọn kọjá ti epo ti já ìwọ́de náà gbà, pé àwọn kan ń fi í dá rògbòdìyàn sílẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó jókòó ti rédíò yẹn tí kò mọ ẹni tó ń bá wí.

Mo rò pé àṣìṣe Ààrẹ tó tóbi jù lọ́jọ́ náà nìyẹn, ó sì ju ti epo lọ. Nígbà tó sọ pé alátakò ló gba ẹnu aráàlú, ìyá tó jókòó sórí àpótí yẹn gbọ́ ọ bíi pé wọ́n ní òun kò lẹ́nu ara òun. Ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó ní, "Èmi ni wọ́n wá fi mí ṣe agbódegbà?"

Bíi aago mẹ́sàn-án, mo gbé kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́wàá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọmọkùnrin tó ń ta epo fàyàwọ́ níbẹ̀ ti gé orí ìgò omi, ó fi ṣe àrọ, ó fi àkísà di ẹnu rẹ̀ kí ìdọ̀tí má bàa wọlé. Mo ní Ààrẹ ti ní 97. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú àgbá yìí, mo ti rà á kó tó sọ̀rọ̀." Ó rọra ń da á, ojú rẹ̀ kò kúrò lára àrọ, kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣòfò sílẹ̀.

Mo pe àǹtí mi tó ń ta gààrí ní Ifọ̀. Lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta níbẹ̀, ọkọ̀ kò lọ, ọkọ̀ kò bọ̀, ojú irin àtijọ́ tó gba àárín ìlú kọjá lọ sí Ìdógò náà kò sì wúlò fún ẹni tó ń kó àpò gààrí. Mo kí wọn, mo bi wọ́n bóyá ọjà ti ń dínwó. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹni tó máa gbé gààrí wá fún mi kò tíì rọ́kọ̀ wọ̀. Àwọn tó ń bá Ààrẹ jà yìí, èló ni wọ́n ní àwọn fẹ́ máa ta epo?"

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo ní, "Ẹ máa ṣe sùúrù, mà."

Nǹkan bí ọ̀sán, ìròyìn ń wọlé láti Èkó. Àwọn tó gbìyànjú láti dé Ojota bá ṣọ́jà àti ọkọ̀ ogun lójú títì, wọ́n yin tajútajú lù wọ́n, èrò fọ́n ká. Kò pẹ́ tí Gómìnà Babatunde Raji Fashola ti Èkó fi bá aráàlú sọ̀rọ̀ pé ìjọba àwarawa kì í kó ṣọ́jà ti ẹni tí kò mú ohun ìjà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà tọ́, mo sì fara mọ́ ọn dòní. Ó tún wúlò fún ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí láti ìgbà náà ni ẹjọ́ ti kúrò lórí epo, ó di ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, èyí tí Ààrẹ kò lè dín iye rẹ̀ kù láti 141 sí 97. Lai Mohammed, agbẹnusọ ACN, kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìjọba kankan sùn kó tó fèsì. Bola Tinubu, aṣáájú ACN, ti kọ àpilẹ̀kọ gígùn kan lásìkò ìyanṣẹ́lódì náà pé Ààrẹ ti da àdéhùn tó wà láàárín ìjọba àti aráàlú. Kódà nínú ẹgbẹ́ Ààrẹ fúnra rẹ̀, Aminu Tambuwal, tí àwọn aṣòfin ACN dìbò fún kó tó di olórí ilé aṣojú-ṣòfin, ti pe ilé jọ lọ́jọ́ Àìkú, 8 oṣù náà, tí wọ́n ní kí ìjọba dá ìpinnu rẹ̀ dúró.

Lẹ́yìn ọ̀sán, NLC àti TUC kéde pé ìyanṣẹ́lódì ti dáwọ́ dúró.

Ìbéèrè àǹtí mi kò tíì rí èsì. Ní 2013, ACN àtàwọn ẹgbẹ́ mìíràn para pọ̀ di APC. Ní 2015, wọ́n lé Jonathan kúrò. Oṣù karùn-ún ọdún 2016, wọ́n fi lítà epo sí 145. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Tinubu gorí àga Ààrẹ, ó ní owó ìrànwọ́ ti lọ, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ilé epo NNPC l'Ékòó ń tà á ní 488. Àwọn èèyàn wá lọ hú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 2012 jáde, wọ́n ń pín in kiri. Àwọn alátakò òde òní náà ń fi ìnira epo nà án lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n Atiku Abubakar àti Peter Obi, tí wọ́n bá a du ipò náà, pẹ̀lú sọ nígbà ìpolongo ìbò pé àwọn yóò yọ owó náà bí àwọn bá wọlé. Ó ń dùn mí. Ẹni tó ń sọ fún mi pé ọbẹ̀ ẹlòmíràn korò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí n tọ́ tirẹ̀ wò.

Aago méje alẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn ní 2012. Danfo àkọ́kọ́ ṣáná ní Mowe. Àwọn ènìyàn jáde síta bí ẹni lọ wo ìyàwó, àwọn ọmọdé ń pariwo tẹ̀lé e. Kọ́ńdọ́ rọ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, ó ń ké "Bágà! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Ìyá orí àpótí bi í léèlóò. Iye tó dá jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìyanṣẹ́lódì.