Ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti Ohùn Ará Ìlú

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé Ẹ̀fẹ̀ nínú ìdánwò, ìdáhùn tí a sábà máa ń rí ni pé orin apanilẹ́rìn-ín ni. Ìdáhùn yìí kò kún tó. Èrò wa ni pé Ẹ̀fẹ̀ jẹ́ ọ̀nà pàtàkì tí ará ìlú fi ń dá sí ọ̀rọ̀ ìlú ní ilẹ̀ Kétu àti ní Ẹ̀gbádò tí à ń pè ní Yewa lónìí.

Àpọ́nlé àwọn ìyá wa ni ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà fún. Agbẹ́gilére ń gbẹ́ ère, onílù ń lùlù, ọkùnrin ń gbé ère sórí jó, tọkùnrin tobìnrin sì ń gberin. Lóru, ní ọjà, ni Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde. Yóò kọ́kọ́ júbà, yóò súre, lẹ́yìn náà ni yóò wá yin ẹni rere, tí yóò sì bú oníwà ìbàjẹ́, ìbáà ṣe olówó tàbí ìjòyè. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ torí orin òru náà fìyà jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n agbára Ẹ̀fẹ̀ kò sí lẹ́nu akọrin nìkan. Bí èrò bá gba orin náà, tí wọ́n sì gbé e délé, ohun tí ẹnì kan sọ ti di ọ̀rọ̀ ìlú nìyẹn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé eré orí ìtàgé. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré Hubert Ògúndé nítorí eré Yorùbá Ronú. Ó di 1966, lẹ́yìn tí ológun gbàjọba, kí wọ́n tó mú òfin náà kúrò. Ẹgbẹ́ kan ṣeé fòfin dè. Ó ṣòro láti fòfin de orin tí gbogbo ọjà ti gbà.

A kò sọ pé Ẹ̀fẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ìdìbò. A lè fi orin bú aláìní bí a ti ń fi bú alágbára. Síbẹ̀, ó fún mẹ̀kúnnù láyè láti bá aláṣẹ wí ní gbangba.

Ní 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún àjogúnbá gbogbo ayé. Ní 2008, wọ́n fi í sínú àkọsílẹ̀ wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Ẹ̀fẹ̀ bá di ohun tí àlejò ń wò, tí ará ìlú kò gberin mọ́, ère nìkan ló kù. Nítorí náà, kí àwa olùkọ́ àti olùdánwò má ṣe béèrè ìtumọ̀ orin nìkan. Ẹ jẹ́ kí a tún máa béèrè pé: ta ni a ń bá wí, àwọn wo ni ó sì gbè é?