Ìtàn Àwọn Ọ̀mùtí Tí Ó Ran Ara Wọn Lọ́wọ́

Ọ̀ràn ọtí mímu kì í ṣe ọ̀ràn tuntun láàárín wa. A ti gbọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwàásù tí ó ń bá ọ̀mùtí wí, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni a ti gbọ́ nípa ọ̀nà tí ẹni tí ó fẹ́ jáwọ́ yóò gbà. Nítorí náà ni mo ṣe yàn láti sọ bí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣe rí ara wọn, kí a lè mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá kan ilẹ̀kùn wa.

Ní oṣù April ọdún 1840, ní ìlú Baltimore ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀mùtí mẹ́fà pinnu nínú ilé ọtí pé àwọn kò ní fi ẹnu kan ọtí mọ́. Wọ́n fi orúkọ Washington, olórí àkọ́kọ́ ilẹ̀ náà, pe ẹgbẹ́ wọn. Nínú ìpàdé wọn, olúkúlùkù a dìde, a sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí ní ìdí ọtí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó wọlé tọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tí kì í ṣe ọ̀mùtí rí wọ inú ẹgbẹ́ náà, àríyànjiyàn nípa òfin àti ìṣèlú sì bá wọn wọlé. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ẹgbẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́.

Ní oṣù May ọdún 1935, oníṣòwò kan láti New York, William Wilson, wà ní ìlú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio. Oṣù márùn-ún péré ni ó ti fi ọtí sílẹ̀. Òwò tí ó bá wá ti bàjẹ́, ó sì dá wà nínú ilé-èrò. Ní apá kan ni ibi tí a ti ń ta ọtí wà; ní apá kejì ni tẹlifóònù wà, pẹ̀lú orúkọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá rí ọ̀mùtí mìíràn bá sọ̀rọ̀, òun lè padà sí ìdí ọtí. Ó pe àlùfáà kan, Walter Tunks, ẹni tí ó fún un ní orúkọ àwọn tí ó lè ràn án lọ́wọ́. Báyìí ni ó ṣe dé ọ̀dọ̀ Henrietta Seiberling, ìyá kan tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń gbàdúrà fún oníṣègùn Robert Smith, tí ọtí ti ń ba ayé rẹ̀ jẹ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Smith ní òun yóò fi gbọ́ àlejò náà; ó ju wákàtí mẹ́fà lọ tí wọ́n fi jókòó. Fún oṣù púpọ̀ ni Wilson ti ń wàásù fún àwọn ọ̀mùtí ní New York láìrí ẹyọ ẹnì kan yí padà, títí dókítà Silkworth fi gbà á ní ìmọ̀ràn pé kí ó dẹ̀yìn lẹ́yìn ìwàásù. Ní Akron, ìtàn ara rẹ̀ ni ó sọ. Smith ti gbàdúrà, ó sì ti ka ìwé púpọ̀. Ẹni tí ó mọ àrùn náà nínú ara rẹ̀ ni kò tíì rí. Àwọn àgbà wa wí pé ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù ní ọgbọ́n.

Smith tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹwàá oṣù June ọdún 1935, tí a kà sí ọjọ́ tí ó mu ọtí kẹ́yìn, ni a ń kà sí ìbí ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous. Láìpẹ́, àwọn méjèèjì lọ bẹ agbẹjọ́rò kan wò ní ilé ìwòsàn, òun ni ó di ẹnì kẹta. Ní ọdún 1939, nígbà tí ìwé wọn jáde, wọ́n tó bí ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ọdún 1941 fi parí, wọ́n tó 8,000.

Kí ni ó pa wọ́n mọ́ kúrò nínú ìṣubú ti Baltimore? Ní ọdún 1950, ní ìlú Cleveland, wọ́n fi ọwọ́ sí ìlànà méjìlá: pé ìfẹ́ láti jáwọ́ nínú ọtí nìkan ni a ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé; pé àwọn ni yóò máa gbọ́ bùkátà ara wọn; pé ẹgbẹ́ kò ní dá sí àríyànjiyàn òde; àti pé a kò ní gbé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn. Àwọn ìpàdé kan wà tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀. Òmíràn wà fún àwọn tí ọtí ń dà láàmú nìkan. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ yẹ ìwádìí 27 wò, wọ́n sì rí i pé ìtọ́jú tí ó ń mú ènìyàn wọ irú ẹgbẹ́ yìí a máa mú kí àwọn tí ó jáwọ́ nínú ọtí pátápátá pọ̀ ju ti àwọn ìtọ́jú mìíràn tí a fi wé e lọ.

Ẹ kíyè sí i pé àlùfáà Tunks kò wo ẹnikẹ́ni sàn. Ó dáhùn tẹlifóònù, ó sì mọ ẹni tí ó yẹ kí ó darí àlejò sí. Iṣẹ́ tiwa náà nìyí. Ẹ jẹ́ kí a wádìí ibi tí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ wà ní ìtòsí wa. Bí ó bá ṣòro fún ọ̀mùtí láti dá lọ ní ìgbà àkọ́kọ́, kí a sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, kí a sì pa àṣírí rẹ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ń mu ọtí púpọ̀ ní ojoojúmọ́, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà, nítorí pé dídáwọ́ dúró lójijì lè pa irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì ṣubú lẹ́yìn èyí, kí a rántí pé Smith pàápàá ṣubú, ilẹ̀kùn kò sì tì mọ́ ọn.