Jọ́ọ̀gì Ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ààfin Kumasi

Nígbà tí Thomas Bowdich, aṣojú àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì, dé Kumasi ní ọdún 1817, Asantehene Osei Bonsu gbà á lálejò tayọ̀tayọ̀. Bowdich kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé wọ́n gbé oúnjẹ wá lórí tírè fàdákà, tòun ti àwo, ọ̀bẹ, fọ́ọ̀kì àti ṣíbí. Ní ọdún 1822, ọba yìí kan náà parí ilé olókùúta tí à ń pè ní Aban, níbi tí ohun iyebíye láti òkèèrè ń wọlé sí. Ọjọ́ kẹrin oṣù Kejì ọdún 1874 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí Garnet Wolseley ṣáájú wọ ìlú náà. Oníròyìn Winwood Reade ka ohun tí ó rí nínú Aban lẹ́sẹẹsẹ: ìwé ní oríṣiríṣi èdè, aago, kápẹ́ẹ̀tì, àwo fàdákà. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, wọ́n fi ẹ̀tù wó ilé náà, wọ́n sì ti iná bọ ìlú.

Kò yẹ kí orírun fàdákà Gẹ̀ẹ́sì ṣókùnkùn. Láti ọdún 1300 ni òfin ti ní kí a lu òǹtẹ̀ orí ẹkùn sí i lára. Nígbà tí ó di 1478, wọ́n fi lẹ́tà tí ó ń tọ́ka sí ọdún kún un. Ṣùgbọ́n Reade kò sọ ohunkóhun nípa òǹtẹ̀. Wọ́n ta lára ìkógun náà ní gbàǹjo ní Cape Coast, ilé-iṣẹ́ Garrard, alágbẹ̀dẹ wúrà ọba ní London, sì ra nínú rẹ̀. Òǹtẹ̀ a máa sọ ibi tí a ti rọ àwo. Kì í sọ ẹni tí ó fi jẹun.

Ohun kan tí kì í ṣe fàdákà ló fi èyí hàn jù lọ. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún padà wọ Kumasi ní ọdún 1896, wọ́n bá jọ́ọ̀gì idẹ ńlá kan ní ààfin, tòun ti ìdérí rẹ̀, tí gíga rẹ̀ lé ní 60 sẹ̀ǹtímítà. Àmì àṣẹ ọba Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tí wọ́n lò láti 1340 títí dé nǹkan bí 1405, wà lára rẹ̀. Àwòrán kìnnìún àti àgbọ̀nrín tún wà lórí ìdérí; àgbọ̀nrín sì ni àmì Ọba Richard Kejì, ẹni tí ó jọba láti 1377 sí 1399. A kọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n sí ara jọ́ọ̀gì náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́: ọ̀kan ń gba ènìyàn níyànjú láti tọ́jú owó nígbà tí owó wà, èkejì ní kí a má ṣe ro ibi títí òtítọ́ yóò fi hàn. Ibi tí a ti rọ ọ́, àti ìgbà tí a rọ ọ́, kò ní àríyànjiyàn púpọ̀ nínú.

Ọ̀nà tí ó gbà dé Kumasi ni ìṣòro. Nǹkan bí ọdún 1701 ni Osei Tutu fi ẹsẹ̀ ìjọba Àṣáńtì múlẹ̀. Jọ́ọ̀gì yìí fi nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ju ìjọba náà lọ. Bí ó bá tètè dé, a jẹ́ pé ìlú mìíràn ti ní in kí Kumasi tó ní in. Àwọn kan gbà pé Aṣálẹ̀ Sàhárà ló gbà kọjá. Ẹ̀rí kan wà fún wọn: ní Nsawkaw, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Kumasi, àwọn abọ́ idẹ láti Íjíbítì ayé àwọn Mamluk, tí a kọ èdè Lárúbáwá sí lára, di ohun ọ̀wọ̀. Irú abọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ rò pé àwọn alágbẹ̀dẹ Akan wò kí wọ́n tó máa rọ kuduo, ìkòkò ìṣúra wọn. Àwọn mìíràn tọ́ka sí òkun: àwọn Potogí kọ́ odi Elmina ní ọdún 1482, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì dé etíkun náà ní 1553. Ọ̀nà aṣálẹ̀ ló jọ pé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù, nítorí iṣẹ́ idẹ ti ń gba ibẹ̀ tipẹ́. Síbẹ̀, nǹkan àtijọ́ lè wọ ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú.

Ìbéèrè àwọn onímọ̀ sábà máa ń dúró síbẹ̀, àfi bí ẹni pé àwárí lásán ni Kumasi. Àwòrán tí a yà ní ọdún 1884 fi jọ́ọ̀gì náà hàn ní ìdí igi kan ní àgbàlá ààfin. Ibẹ̀ ni wọ́n fi í sí, ìdí sì wà tí wọ́n fi fi í síbẹ̀. Àwọn tí ó yẹ kí a bi léèrè ni olùtọ́jú ìṣúra àti àwọn àgbà ààfin. Ní oṣù Kìíní ọdún 1896, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú Asantehene Prempeh Kìíní, ìyá rẹ̀ Yaa Akyaa, àti ọ̀pọ̀ ìjòyè. Wọ́n kó wọn lọ sí Elmina, láti ibẹ̀ lọ sí Freetown, àti sí erékùṣù Seychelles ní ọdún 1900. Ọdún 1924 ni Prempeh tó padà sílé. Yaa Akyaa kò padà láàyè. Ọdún tí a kó wọn lọ náà ni British Museum ra jọ́ọ̀gì. Ohun èlò dé London, àwọn tí ó mọ ìtàn rẹ̀ dé ìgbèkùn.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ohun 32 láti British Museum àti Victoria and Albert Museum di fífi hàn ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ààfin Manhyia ní Kumasi, ní àyálò ọdún mẹ́ta. Lára wọn ni ohun èlò orin olókùn kékeré kan tí a fi wúrà ṣe, èyí tí Osei Bonsu fi ta Bowdich lọ́rẹ ní 1817. Ẹni tí ó fúnni, ẹni tí ó gbà á àti ọdún rẹ̀ wà lákọsílẹ̀. Jọ́ọ̀gì Richard kò bá wọn lọ.