Owó Ìwọlé Ilé Ẹja: Bó Bá Jẹ́ Ọ̀fẹ́, Ta Ló Ń San An?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí nìyí: ṣé ó tọ́ kéèyàn san owó gọbọi torí pé ó fẹ́ wo ẹja nínú gíláàsì? Ẹja tá a lè rà lọ́jà, ká fi se ọbẹ̀! Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká lọ sí Amẹ́ríkà.

Ní New York lọ́dún 1861, P. T. Barnum kó àbùùbùtán funfun méjì wá sínú ilé ìwòran rẹ̀. Sẹ́ǹtì 25 lèèyàn fi ń wọlé. Èrò rọ́ lọ síbẹ̀, àmọ́ kò pẹ́ tí àwọn ẹ̀dá omi náà fi kú. Kí ni Barnum ṣe? Ó ní kí wọ́n lọ mú òmíràn wá. Nígbà tí iná jó ilé náà ní oṣù Keje ọdún 1865, àbùùbùtán méjì tún bá a lọ. Owó ìwọlé kéré lóòótọ́, àwọn ẹ̀dá yẹn ló fi ẹ̀mí wọn san ìyókù.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1896, ìlú New York ṣí ilé ẹja tiwọn sí Castle Garden, níbi táwọn àjèjì tó ń wọ Amẹ́ríkà ti ń kọjá látọdún 1855 sí 1890. Ọ̀fẹ́ ni! Olówó àti mẹ̀kúnnù jọ ń wọlé, títí wọ́n fi tì í pa lọ́dún 1941.

Ọdún 2005 ló wá yà mí lẹ́nu jù. Ní oṣù Kẹrin, owó wọ́n ìlú Detroit, wọ́n sì ti ilé ẹja Belle Isle tí wọ́n ti ṣí látọdún 1904. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, Georgia Aquarium ṣí ní Atlanta. Bernie Marcus, ọ̀kan lára àwọn tó dá Home Depot sílẹ̀, ló fi 250 mílíọ̀nù dọ́là kọ́ ọ. Whale shark, ẹja tó tóbi jù láyé, wà níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lónìí ju 40 dọ́là lọ.

Ṣùgbọ́n Atlanta ò sí létí òkun. Omi ẹ̀rọ ni wọ́n ń po iyọ̀ sí kó tó di omi òkun. Ẹ ka oúnjẹ, iná mànàmáná àti dókítà ẹranko mọ́ ọn. Ẹni tó kọ́lé lè lawọ́, iṣẹ́ ojoojúmọ́ ló ń gbówó.

Èrò tèmi rèé: bó bá jẹ́ fọ́tò lẹ fẹ́ yà kíákíá kẹ́ ẹ jáde, ẹ fowó yín sápò. Bẹ́ ẹ bá máa fi odindi ọjọ́ kan wò ó, tí wọ́n sì ń tọ́jú àwọn ẹja náà dáadáa, owó yẹn ò ṣòfò. Belle Isle tún ṣí lọ́dún 2012, láìgba owó ìwọlé. Ọrẹ àtinúwá àtàwọn tó ń ṣiṣẹ́ láìgbowó ló gbé e dìde. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Bẹ́ ẹ bá dé irú ibẹ̀, ẹ ju nǹkan sínú àpótí.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.