Atáọja: Májẹ̀mú Ẹja àti Omi Ìwòsàn ní Odò Ọ̀ṣun

Oyè ọba kì í ṣàdédé wáyé ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìtumọ̀ Atáọja, oyè ọba Òṣogbo, ni ẹni tí ó tẹ́wọ́ gba ẹja. Májẹ̀mú tí ó wà láàárín ìlú kan àti odò rẹ̀ ni orúkọ náà ń rántí.

Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ sọ pé ọ̀wọ́n omi ni ó mú Láròóyè àti Olútìmẹ́yìn ọdẹ kúrò ní Ìpólé. Nígbà tí wọ́n dé etí odò Ọ̀ṣun, wọ́n gé igi kan, igi náà sì wó sínú omi. Ohùn kan ké láti inú ibú pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì ṣe ètùtù. Nígbà tí Láròóyè ń rúbọ létí odò, ẹja ńlá kan, ikọ̀ Ọ̀ṣun, jáde, ó sì tu omi sí i lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn ṣe fìdí múlẹ̀: Ọ̀ṣun yóò dáàbò bo ìlú, yóò sì fún wọn lọ́mọ, ìlú yóò máa bọ ọ́, wọn kò sì ní pa ẹja ibú rẹ̀.

Orí àdéhùn yìí ni ìwòsàn Ọ̀ṣun dúró lé. Omi tútù ni olórí oògùn rẹ̀. Àwọn ìyá olóòṣà a máa pọn ọ́n sínú ìkòkò tí ọta odò wà nínú rẹ̀. Àgàn ń mu ún, a sì ń fi í wẹ ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Nínú Ọ̀ṣẹ́ Túrá ni Ifá ti fi agbára rẹ̀ hàn: nígbà tí àwọn irúnmọlẹ̀ ọkùnrin pa Ọ̀ṣun tì, iṣẹ́ wọn kò gún mọ́, àfi ìgbà tí wọ́n padà lọ bẹ̀ ẹ́.

Èèwọ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣọ́ igbó Ọ̀ṣun kí òfin ìjọba tó dé. Ní 1965 ni ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ ní 1992. Susanne Wenger, Àdùnní Olóòṣà, tí ó kú ní 2009, àti àwọn oníṣọ̀nà Òṣogbo tún àwọn ojúbọ ibẹ̀ kọ́. Ní 2005, UNESCO fi igbó náà, tí ó tó hẹ́kítà 75, sínú àkójọ ogún àgbáyé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja, ṣọdẹ tàbí gé igi níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n odò kì í bẹ̀rẹ̀ ní ojúbọ. Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn awagóòlù ń fọ erùpẹ̀ sínú àwọn odò tí ń ṣàn wọ inú rẹ̀, omi náà sì ti pọ́n bí ẹrẹ̀. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí àwọn ènìyàn má mu omi náà. Ènìyàn lè yẹra fún omi. Ẹja kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Èèwọ̀ tí ó dá dúró sí etí igbó kò tó mọ́. Ó yẹ kí ó gòkè dé orísun. Ọ̀rọ̀ yìí kan ará Yewa pẹ̀lú, nítorí orúkọ odò àti òrìṣà ni ilẹ̀ wọn ń jẹ́. Ẹni tí ó tẹ́wọ́ gba ẹja ti gba ìtọ́jú odò mọ́ ọn.