Ẹ̀gbà Ojú Òjijì àti Ìtọ́jú Físíò

Ẹ̀gbà ojú òjijì ni àìlera tí ó máa ń mú kí apá kan ojú ènìyàn rọ láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ mẹ́ta, tí ẹnu yóò wọ́ sí apá kejì, tí ìpéǹpéjú kò ní lè padé, tí omi tí aláìsàn bá sì fi yọ ẹnu yóò máa dà nù láti ẹ̀gbẹ́ ètè. Orúkọ Charles Bell, oníṣẹ́-abẹ ọmọ ilẹ̀ Scotland tí ó ṣàlàyé iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀fù ojú ní ọdún 1821, ni àwọn oníṣègùn fi ń pe irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé al-Razi, oníṣègùn ilẹ̀ Páṣíà, ti kọ nípa rẹ̀ ní nǹkan bí 900 ọdún ṣáájú. Ó máa ń mú ènìyàn bíi 15 sí 30 lọ́dún nínú 100,000.

Nọ́ọ̀fù ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gbé àṣẹ ọpọlọ dé ara. Méjìlá ni ó jáde ní apá kọ̀ọ̀kan orí, ìkeje wọn ni ó sì ń darí àwọn iṣan tí a fi ń rẹ́rìn-ín, tí a fi ń fajúro, tí a sì fi ń di ojú. Ihò tóóró kan nínú egungun ìdí etí ni ó ń gbà kọjá. Nígbà tí ó bá wú, egungun kò ní gbà á láyè, àṣẹ kò sì ní lè kọjá mọ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé kòkòrò fáírọ́ọ̀sì tí ó máa ń fa egbò ètè, tí ó ti lúgọ sínú ara tipẹ́, ni ó ń jí dìde tí ó ń fa wíwú náà. Àwọn aboyún tí oyún wọn ti dàgbà àti àwọn tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà wà lára àwọn tí ó ń tètè mú.

Kì í ṣe ohun kan náà ni èyí àti rọpárọsẹ̀, nítorí pé ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú ẹnu rẹ̀ wọ́ sábà máa ń lè ká iwájú orí jọ, nígbà tí gbogbo apá ojú, títí kan iwájú orí, máa ń dákẹ́ nínú ẹ̀gbà ojú. Dókítà ni ó yẹ kí ó ya méjèèjì sọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Láàárín Yorùbá, àwọn kan máa ń ka irú nǹkan báyìí sí ọwọ́ ayé, ó sì dunni pé ọjọ́ tí wọ́n bá fi ń wá ẹni tí ó ṣe é ni ọjọ́ tí oògùn ì bá ti ṣiṣẹ́ jù. Nínú ìwádìí kan ní Scotland tí a tẹ̀ jáde ní 2007, àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn prednisolone láàárín wákàtí 72 ni 94 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ti sàn pátápátá lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, nígbà tí ó jẹ́ 82 láàárín àwọn tí kò lò ó. Ẹyinjú tí kò lè dì náà ń fẹ́ omi ojú àtọwọ́dá lọ́sàn-án, òróró ojú àti ìpéǹpéjú tí a fi téèpù lẹ̀ pa lálẹ́, kí ó má baà gbẹ kí ó sì bó.

Iṣẹ́ físíò, ìyẹn ìfọwọ́ra àti ìdárayá tí a fi ń tọ́jú iṣan, kì í ṣe iṣẹ́ agbára. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìfọwọ́ra fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń fi ìka pa ojú dé ti tó. Nígbà tí iṣan bá bẹ̀rẹ̀ sí í mira ni dígí wọlé: aláìsàn á jókòó níwájú rẹ̀, á fi ìka di ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó dá ṣáṣá mú kí ó má baà fa ojú sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, á wá gbé igun ètè tí ó rọ sókè díẹ̀díẹ̀, á sì máa ṣọ́ ìpéǹpéjú. Bí ìpéǹpéjú bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún, á dín ìsapá náà kù, á tún un ṣe ní pẹ̀lẹ́, ìgbà díẹ̀ ni, á sì sinmi.

Ìdí fún ìṣọ́ra yìí ni pé nọ́ọ̀fù tí ó bà jẹ́ ń hù padà ní nǹkan bíi mílímítà kan lóòjọ́, àwọn fọ́nrán rẹ̀ sì lè ṣìnà wọ iṣan tí kì í ṣe tiwọn. Nígbà náà ni ẹ̀rín á máa di ojú, tàbí kí omi bọ́ lójú ẹni tí ó ń jẹun. Nítorí náà, àṣà kí a máa jẹ ṣingọ́ọ̀mù látàárọ̀ dalẹ́, tàbí kí a máa fi gbogbo agbára fa ojú, lè mú ìṣìnà náà le sí i. Àgbéyẹ̀wò tí Cochrane, àjọ tí ń kó ẹ̀rí ìwádìí ìṣègùn jọ, ṣe ní 2011 kò rí ẹ̀rí pé fífi iná mànàmáná ta iṣan jí wúlò, ṣùgbọ́n ó rí ẹ̀rí, bí kò tilẹ̀ lágbára, pé ìdárayá tí a ṣètò fún ojú aláìsàn kọ̀ọ̀kan ń ràn wọ́n lọ́wọ́, pàápàá àwọn tí ó ti pẹ́ lára wọn.

Púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn a máa sàn fúnra wọn: nínú 1,701 tí a tẹ̀lé ní Denmark láìfún wọn lóògùn, 71 nínú ọgọ́rùn-ún ni ojú wọn padà bọ̀ sípò pátápátá, 85 sì ti ń rí ìyípadà kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí ojú kò padà bọ̀ sípò, a gbọ́dọ̀ tún àyẹ̀wò ṣe, nítorí pé kókó lè wà lọ́nà nọ́ọ̀fù náà. Fún àwọn tí ìṣìnà fọ́nrán ti mú, abẹ́rẹ́ botulinum tí ń mú kí iṣan tí ó le jù dẹ̀ máa ń bá iṣẹ́ dígí rìn, àní bí àìsàn náà ti ju ọdún kan lọ.