Rótìmí Akérédolú

Olúwarótìmí Ọdúnayọ̀ Akérédolú (21 oṣù Keje ọdún 1956 – 27 oṣù Kejìlá ọdún 2023) jẹ́ amòfin àti olóṣèlú ọmọ bíbí ìlú Ọ̀wọ̀, tó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Òndó láti oṣù Kejì ọdún 2017 títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ó ti ṣe Ààrẹ Ẹgbẹ́ Àwọn Amòfin Nàìjíríà. Aketi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn kí wọ́n máa pè é ní Arákùnrin dípò Ọlọ́lájùlọ tí wọ́n máa ń fi ṣíwájú orúkọ gómìnà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́

Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni bàbá rẹ̀. Ọ̀wọ̀ ló ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ló lọ sí Aquinas College ní Àkúrẹ́, Loyola College ní Ìbàdàn àti Comprehensive High School ní Ayétòrò. Ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó jáde ní ọdún 1977, wọ́n sì gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí amòfin ní ọdún 1978. Ìyàwó rẹ̀, Betty Anyanwu-Akérédolú, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ímò, ló dá ẹgbẹ́ BRECAN tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ọyàn sílẹ̀.

Iṣẹ́ òfin

Òun àti Akin Olujinmi ni wọ́n jọ ní ilé-iṣẹ́ amòfin Olujinmi & Akeredolu. Láti ọdún 1997 sí 1999, lábẹ́ ìjọba ológun, ó jẹ́ Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìdájọ́ ní Ìpínlẹ̀ Òndó. Ọdún 1998 ló gba oyè Amòfin Àgbà Nàìjíríà, èyí tí a mọ̀ sí SAN.

Ó di Ààrẹ Ẹgbẹ́ Àwọn Amòfin ní ọdún 2008, ó sì wà níbẹ̀ títí di 2010. Àkókò yìí ni Ààrẹ Umaru Yar'Adua rin ìrìn-àjò ìtọ́jú lọ sí Saudi Arabia ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009 láìfi ìwé gbé agbára lé igbá-kejì rẹ̀, Goodluck Jonathan, lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ Àwọn Amòfin, lábẹ́ Akérédolú, wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá, pé kí agbára bọ́ sọ́wọ́ igbá-kejì. Ọ̀rọ̀ yìí yóò tún padà wá bá a lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá.

Ìṣèlú

Ẹgbẹ́ òṣèlú ACN fà á kalẹ̀ fún ipò gómìnà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012. Ipò kẹta ló wà. Olúṣẹ́gun Mímikò ti ẹgbẹ́ Labour ló wọlé. Ní ọdún 2016 ó gba tíkẹ́ẹ̀tì APC lẹ́yìn ìdìbò abẹ́lé tó dá ìjà ńlá sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Nínú ìdìbò 26 oṣù Kọkànlá, ó ní ìbò 244,842, Èyítáyọ̀ Jẹ́gẹ́dẹ́ ti PDP, tí òun náà jẹ́ SAN, ní 150,380. Wọ́n búra fún un ní 24 oṣù Kejì ọdún 2017.

Ní ọdún 2020, igbá-kejì rẹ̀, Agboọlá Àjàyí, kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ó sì bá a du ipò náà lábẹ́ ẹgbẹ́ ZLP. Akérédolú borí pẹ̀lú ìbò 292,830. Jẹ́gẹ́dẹ́ ní 195,791, Àjàyí ní 69,127. Jẹ́gẹ́dẹ́ gba ilé-ẹjọ́ lọ. Kì í ṣe iye ìbò ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Mai Mala Buni, gómìnà Yobe, ló ń ṣe alága fìdíhẹ APC nígbà tí ẹgbẹ́ náà fi orúkọ Akérédolú sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé òfin ilẹ̀ wa sì ní gómìnà kò gbọdọ̀ di ipò iṣẹ́ mìíràn tó ń mówó wọlé mú nígbà tó wà lórí àlééfà. Ní 28 oṣù Keje ọdún 2021, adájọ́ mẹ́ta nínú méje ní Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ gbà pẹ̀lú Jẹ́gẹ́dẹ́. Àwọn mẹ́rin yòókù ní, níwọ̀n ìgbà tí kò pe Buni lẹ́jọ́, a kò lè dá Buni lẹ́bi lẹ́yìn rẹ̀. Adájọ́ kan ṣoṣo ló yà á nípa sí àdánù ipò.

Ètò ààbò

Iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ jù lọ ni Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ tí àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 9 oṣù Kìíní ọdún 2020. Abubakar Malami, mínísítà ètò ìdájọ́ nígbà náà, ní kò bófin mu. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wá lọ ṣe òfin tirẹ̀ fún un.

Ní 18 oṣù Kìíní ọdún 2021, ó fún àwọn darandaran ní ọjọ́ méje láti kúrò nínú igbó ọba gbogbo ní ìpínlẹ̀ náà. Fún àgbẹ̀ kòkó ní agbègbè bí Ìdànrè, níbi tí oko àti igbó ọba ti pààlà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán nìyẹn. Ọ́fíìsì Ààrẹ fárígá, òun náà kò yí ohùn padà. Gẹ́gẹ́ bí alága àwọn gómìnà Gúúsù, ó darí ìpàdé Asaba ní oṣù Karùn-ún, níbi tí wọ́n ti fòfin de fífi ẹran jẹko ní gbangba. Ní ìparí oṣù Kẹjọ ó buwọ́ lu òfin náà ní Òndó. Síbẹ̀, ní 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, ìlú rẹ̀ gan-an, wọ́n sì pa ènìyàn tó lé ní ogójì.

Àìsàn àti ikú

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ó lọ gba ìtọ́jú ní Jámánì, ó sì fi agbára sílẹ̀ fún igbá-kejì rẹ̀, Lucky Ayédàtiwa. Nígbà tó padà ní oṣù Kẹsàn-án, Ìbàdàn ló fìdí kalẹ̀ sí, kì í ṣe Àkúrẹ́. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bẹ̀rẹ̀ ètò láti yọ Ayédàtiwa nípò, ilé-ẹjọ́ sì dá wọn dúró. Ìbéèrè tí Ẹgbẹ́ Àwọn Amòfin gbé lọ sí kóòtù nítorí Yar'Adua ni àwọn ará Òndó ń bi òun náà báyìí: ta ló ń ṣe ìjọba? Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú dá sí i ní oṣù Kọkànlá. Ní 13 oṣù Kejìlá, Akérédolú tún gbé agbára lé Ayédàtiwa lọ́wọ́, ó sì padà sí Jámánì. Jẹjẹrẹ prostate ló pa á níbẹ̀ ní 27 oṣù Kejìlá, ó jẹ́ ẹni ọdún 67. Wọ́n búra fún Ayédàtiwa ní ọjọ́ náà gan-an. Wọ́n sin Akérédolú sí Ọ̀wọ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2024.